Àpótí Ìkìlọ̀ Tí Kò Fẹ́ Bo Ojú Fóònù

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sórí páànù àwọn ilé Olódò, Tẹniọlá gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì ìjẹun, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọjọ́ kẹta rè é tí òun àti àpótí kan ti ń bá ara wọn fà á. Àpótí náà kì í ṣe ti igi, kì í sì í ṣe ti irin. Àpótí ìkìlọ̀ ni, èyí tí ó máa ń yọ lójú fóònù nígbà tí ewu bá dé. Tẹniọlá fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é, òun ni ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó bo gbogbo ojú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti etí kan dé èkejì. Àpótí náà kò gbọ́. Bí ó bá ti yọ, àárín gbùngbùn ni yóò rọra jókòó sí, pupa, kékeré, bí páálí ìṣáná tí wọ́n gbé sórí ẹní.

"Olúwa, kí ni mo fi ṣe nǹkan yìí?" Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí ẹni pé Ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ jókòó sí òdìkejì tábìlì. Kò sí ohun tí ó burú nínú irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Hánà inú Ìwé Mímọ́ kò tilẹ̀ gbé ohùn tirẹ̀ sókè nígbà tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, síbẹ̀ a gbọ́ ọ.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tẹniọlá. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀ kí Olúwa tó pè é sí ìsinmi, ojú ọ̀nà bàbá náà ni òun pẹ̀lú sì kọ́kọ́ tọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Adégbàyí. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ áàpù, èyíinì ni pé kí ènìyàn máa to àṣẹ léra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí fóònù yóò fi ṣe ohun tí a fẹ́. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Ó fẹ́ràn kí nǹkan rí bí a ti ní kí ó rí. Bí ó bá sọ fún fóònù pé méjì àti méjì, mẹ́rin ni fóònù yóò dá a lóhùn, kò ní bi í pé kí ló dé. Ó máa ń sọ pé ìdí tí òun fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, pé àwọn ọmọ a máa jiyàn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé ìtọ́jú aláboyún kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn ṣe áàpù kan. Àwọn ìyá abẹniwò wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń lọ láti ilé dé ilé láti wọn ìfúnpá àwọn aboyún. Inú ìwé ni wọ́n ti máa ń kọ ohun tí wọ́n bá rí tẹ́lẹ̀. Tẹniọlá fi áàpù rọ́pò ìwé. Bí ìyá abẹniwò bá ti tẹ iye tí ó rí sínú fóònù, tí iye náà bá sì ga ju bí ó ti yẹ lọ, kíá ni àpótí pupa yóò yọ: EWU. Ẹ GBÉ ÌYÁ YÌÍ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN NÍSINSÌNYÍ. Nígbà tí wọ́n fi hàn nínú ìjọ, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Tẹniọlá kà á sí iṣẹ́ ìsìn, bí ẹni tí ó mú ọrẹ tirẹ̀ wá síwájú pẹpẹ.

Oṣù tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ṣeunfúnmi, oyún oṣù méje ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyá abẹniwò tí wọ́n ń pè ní Màmá Fọlájìmí lọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó sì ní kí ó máa sinmi. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni gìrì gbé Ṣeunfúnmi. Ọ̀kadà mẹ́ta ni wọ́n pààrọ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí ó gbé e dé Ìbàdàn. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá yè, ọmọ yè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi Màmá Fọlájìmí pé kí ló dé tí kò fi rán an lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí ó sọ ni pé fóònù kò wí nǹkan kan fún òun.

Tẹniọlá lọ yẹ àkọsílẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó bá a níbẹ̀ gbangba: àádọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ìkìlọ̀ yọ. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lẹ́yìn náà, ẹnì kan pa á dé. Inú bí i. Lójú ẹsẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà sí Màmá Ọláníran, nọ́ọ̀sì àgbà tí ó jẹ́ olórí ilé ìtọ́jú náà, pé áàpù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, pé Màmá Fọlájìmí ni ó kánjú pa ìkìlọ̀ dé láì kà á. Wọ́n ka lẹ́tà náà sétí ìgbìmọ̀ ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn abúlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìyá náà padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá dá ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n gba ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìfúnpá lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò ní òmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, Màmá Ọláníran ní kí Tẹniọlá wá wo bí ìyá náà ṣe ń lo fóònù, kí ó lè wá sọ ohun tí ó bá rí níwájú ìpàdé. Tẹniọlá wọ ọkọ̀ láti Olódò, ó gun ọ̀kadà láti Ìrókò, ó bá Màmá Fọlájìmí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ń ha gbágùúdá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Fọlájìmí."

"Oò, akọ̀wé. O ti dé láti wá kọ lẹ́tà kejì?"

Tẹniọlá kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó sì jókòó sórí àpótí ìjókòó tí ìyá náà fi ẹsẹ̀ tì sí i.

"Màmá, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rí fóònù ni."

Màmá Fọlájìmí nu ọwọ́ sí ìró, ó sì fa fóònù yọ nínú àyà. Inú ọ̀rá funfun tínrín ni fóònù náà wà, irú ọ̀rá tí àwọn ìyá fi ń di iyọ̀ tà. Ó ti ká ọ̀rá náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fi rọ́bà so ìdí rẹ̀.

"Kí ni ẹ fi wé e báyìí?"

"Ọ̀rá ni. Ṣé kí n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lásán ni? Ilé tí mo ń wọ̀, bí wọn kò bá máa fọ epo, gàárì ni wọ́n á máa yan. Òjò tún ńkọ́? Ìwọ tí o jókòó sí Olódò ni o lè gbé tìrẹ káàkiri níhòòhò."

"Àwọn ìyá tó kù ńkọ́?"

"Ọ̀rá náà ni. Gbogbo wa la ń wé e."

Tẹniọlá ní kí ó ṣe bí ẹni pé òun ni aboyún, kí ó tẹ iye tí ó ga sí i. Ìyá náà di fóònù mú. Nítorí pé ọ̀rá a máa yọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbá a mú ṣinṣin, bí ẹni di ìwé orin mú nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì sì tẹ etí gíláàsì lọ́tùn-ún àti lósì. Ó tẹ iye náà, ó tún gbá a mú. Àpótí pupa yọ láàárín. Kí Tẹniọlá tó ṣẹ́jú, àpótí ti lọ.

Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Àpótí tún yọ, ó tún lọ. Màmá Fọlájìmí kò gbé ìka sí ibì kankan. Àtàǹpàkò tí ó fi di fóònù mú ni fóònù ń gbọ́ láti inú ọ̀rá. Àpótí kékeré nì, bí ènìyàn bá ti fọwọ́ kan ìta rẹ̀, ó ti kọ́ láti gbà pé wọ́n ní kí òun máa lọ. Bí Tẹniọlá ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Lórí tábìlì tirẹ̀, pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ tí kò sí nínú ọ̀rá, kò sí ìgbà kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí.

"O rí i?" Màmá Fọlájìmí sọ. "Kò wí nǹkan kan fún mi."

Ìyá náà padà sídìí gbágùúdá rẹ̀. Tẹniọlá gbé fóònù náà, ó tún un wò nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá bí ó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ohun tí ó sọ ni pé, "Màmá, màá tún un ṣe." Ó sì lọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìjàkadì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí àpótí náà má ṣe lọ mọ́ bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ìta rẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ó fi ránṣẹ́ sí fóònù Màmá Fọlájìmí, ó sì gbà pé ó parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá náà pè é.

"Akọ̀wé, fóònù ti há."

"Ó há báwo, Màmá?"

"Mo rí nǹkan pupa kan láàárín. Mo rí ìwé tí mò ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo pa á, mo tún un tàn."

"Ẹ ka ohun tó wà nínú pupa náà?"

"Pẹ̀lú ojú wo? Lẹ́tà tó rí bí ìdin ìrẹsì yẹn?"

Nígbà náà ni Tẹniọlá mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Àpótí náà gbọ́dọ̀ bo gbogbo ojú fóònù. Kò gbọdọ̀ sí ìwé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn yóò máa tẹ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tóbi tó èyí tí ẹni ọgọ́ta ọdún yóò rí láti ìdúró. Ó jókòó tì í. Ó sọ fún ohun tí ó wà nínú àpótí náà pé kí ó gbòòrò dé etí fóònù. Kò gbọ́. Ó tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn, kò gbọ́. Ó wá fi nọ́ńbà wọn ọ́n, ó kọ iye ìbú àti iye gígùn fún un bí ẹni gé aṣọ. Ó gbọ́ lórí fóònù tirẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó dán an wò lórí fóònù kékeré kan tí ó jọ ti Màmá Fọlájìmí, àpótí ti ṣàn kọjá ojú fóònù, bọ́tìnnì tí ènìyàn máa tẹ̀ láti sọ pé òun ti kà á sì ti bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ kankan kò lè dé.

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ báyìí. Ẹ̀kọ tí ó bù sílẹ̀ láàárọ̀ di òkúta nínú abọ́. Ó pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ariwo náà, lẹ́yìn náà ó tún pariwo. Ohun tí ó ń dùn ún jù ni pé nǹkan náà kéré. Kì í ṣe ìṣirò tí ó le. Àpótí kan ṣoṣo, kí ó gbòòrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fi ìka yà á sórí iyanrìn.

Ìdí nìyí tí a fi bá a ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí ó fi ọwọ́ bo ojú. Láago mẹ́wàá, ó pe Láyí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ìgboro Ìbàdàn, tí wọ́n jọ kọ́ ọ ní àkókò kan náà.

"Ìyá Alápòótí!" Láyí kí i.

"Láyí, má bẹ̀rẹ̀ o."

"Ó ṣì kéré?"

"Bí mo ṣe bí i náà ló wà."

"Ó jọ ẹ ni. Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ náà ga?"

"Mo máa pa fóònù."

"Ó dáa, ó dáa, jọ̀ọ́. Ka ohun tó o kọ fún mi."

Tẹniọlá kà á. Láyí ń jẹ nǹkan kan tí ó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ jíjẹ náà lójijì.

"Dúró ná. Ìgbà wo lo sọ fún un pé kó gbòòrò?"

"Kó tó yọ. Ìgbà wo ni kí n tún sọ ọ́?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí kò tíì yọ? Kò tíì sí níbẹ̀, ọmọbìnrin yìí! Bó bá ń yọ, á wo ohun tó wà nínú rẹ̀, á wọn ara rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó o ti sọ tẹ́lẹ̀ ti wọmi. Jẹ́ kó yọ tán, kó o wá sọ ọ́. Má sì sọ ọ́ fún ohun tó wà nínú rẹ̀. Férémù tó yí i ká ni kó o bá wí."

"Kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ síbì kan kí ènìyàn rí i kà?"

"Wọ́n kọ ọ́. Ìwọ ni o kò kà á. Ẹ ṣá máa kánjú."

Láyí rẹ́rìn-ín, ó sì padà sẹ́nu jíjẹ rẹ̀. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí lára ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Tẹniọlá ṣe bí ó ti wí. Àpótí yọ, ó sì gbòòrò. Síbẹ̀ kò dé etí. Àlàfo kan kù yí i ká, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó tó ìbú ìka ọmọdé, ibẹ̀ gan-an sì ni àtàǹpàkò Màmá Fọlájìmí máa ń bà lé. Ó kù díẹ̀ kí ó sunkún. Wákàtí mẹ́rin mìíràn ni ó fi wá ìdí rẹ̀: aṣọ ẹ̀yìn tí àpótí náà wọ̀ wá láti ilé, èyíinì ni àwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ní ìgbátí nínú, ẹni tí kò bá bọ́ aṣọ náà kúrò, kò lè dé etí láéláé. Ó bọ́ ọ. Ó fi fóònù kékeré nì sínú ọ̀rá iyọ̀ tí ó ti rà ní ọjà Olódò, ó gbá a mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó tẹ iye náà. Pupa bo gbogbo rẹ̀. Ó tẹ etí rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ lósì. Kò lọ.

Kò fò sókè. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń wò ó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, níbi tí ó ti ń ka Ìwé Mímọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi ìtàn Jóòbù ni ó bọ́ sí, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nínú eérú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàlàyé fún un bí ó ṣe jẹ́ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Ó ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ìgbà gbogbo ni ó sì máa ń bá Jóòbù kẹ́dùn. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni ó bá ara rẹ̀. Ó ka ìlà méjì, ó pa ìwé dé. Ẹ̀mí Mímọ́ kì í pariwo. A kàn máa jẹ́ kí ènìyàn jókòó síbi tí ó jókòó sí, títí yóò fi mọ̀ pé ibẹ̀ kò rọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, láago mẹ́wàá, wọ́n pé jọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba àbẹ́rẹ́ ní ilé ìtọ́jú náà. Màmá Ọláníran jókòó sí ìdí tábìlì, àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́rin wà lórí bẹ́ǹṣì, Màmá Fọlájìmí sì dá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò ẹ̀rọ ìwọ̀n lórí ẹsẹ̀, bí ẹni tí ó ti múra láti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Tẹniọlá fi àpótí tuntun náà hàn wọ́n lórí fóònù Màmá Fọlájìmí. Pupa bo fóònù inú ọ̀rá. Àwọn ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀, ọ̀kan sọ pé ògo ni fún Ọlọ́run.

"Ó dára gan-an," Màmá Ọláníran sọ. "Níwọ̀n ìgbà tí èyí ti dára báyìí, ohun tí ó kù ni ti Màmá Fọlájìmí. Màmá, kì í ṣe pé a kórìíra yín. Ẹ ti ṣe é dé ibi tí agbára mọ. Fóònù kò fẹ́ ojú tó ti ń dàgbà."

Màmá Fọlájìmí kò gbé ojú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àpò náà kúrò lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," Tẹniọlá sọ. "Kì í ṣe ojú wọn. Èmi ni."

"Ìwọ báwo?"

"Àpótí tí mo ṣe tẹ́lẹ̀ kéré. Gbogbo ìyá abẹniwò ló ń wé fóònù lọ́rá, èmi kò mọ̀, èmi kò sì wá wò ó. Bí wọ́n bá ti dì í mú, ìkìlọ̀ á lọ kí wọ́n tó rí i. Wọn kò pa á dé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"Láti ọjọ́ Ajé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ tún un ṣe kí n tó sọ ọ́, kí ó lè rọrùn fún mi."

Màmá Ọláníran bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Tẹniọlá, lẹ́tà rẹ wà nínú fáìlì. A ti kà á sétí ìjọ. Ìyá yìí ti fi oṣù kan gbáko dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn bí olè."

"Màá kọ òmíràn, Mà. Kí ẹ kà á níbi tí ẹ ti ka àkọ́kọ́."

Ìgbà náà ni Màmá Fọlájìmí sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Lẹ́tà ni o fi bà mí jẹ́, lẹ́tà náà ni o tún fẹ́ fi tún mi ṣe. Ìyá Sàníù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá mi padà, kò mọ̀wé. Ta ni yóò ka lẹ́tà fún un? Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é tí wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà ti wú. Mo rí i láti ojú ọ̀nà."

Màmá Ọláníran ní kí Màmá Fọlájìmí so okùn àpò rẹ̀ padà, kí iṣẹ́ rẹ̀ máa bá a lọ. Ó wá wo Tẹniọlá. "Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi lọ bá wọn nílé," ó sọ.

Wọ́n lọ pa pọ̀, Màmá Fọlájìmí níwájú, Tẹniọlá lẹ́yìn. Oòrùn ti ràn gidigidi. Ìyá náà kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń kí i lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ń wò ó kọjá lásán. Ilé méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n yà, wọ́n gbọ́ ohun tí Tẹniọlá sọ, wọ́n mi orí, wọ́n sì ní àwọn yóò rò ó wò. Nílé kẹta, obìnrin kan rẹ́rìn-ín pé ṣé wọ́n fún un ní nǹkan kí ó tó wá sọ bẹ́ẹ̀ ni. Tẹniọlá fẹ́ bá a jà. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ní Olódò ti ta gbòǹgbò síhìn-ín, kò sì sí àṣẹ kankan tí ó lè tẹ̀ láti pa á rẹ́. Ó gbàdúrà láìyanu. Ó ní kí Olúwa fún òun ní sùúrù, kí Ó má sì jẹ́ kí ìbínú òun tún sọ̀rọ̀ níwájú òun.

Iwájú ilé ni wọ́n ti bá Ìyá Sàníù, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú atẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ sì wà lórí itan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Alhaja," Màmá Fọlájìmí kí i, kò sì sún mọ́ ọn.

Ìyá Sàníù dá a lóhùn tútù, kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Tẹniọlá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà níwájú atẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Èmi ni mo ṣe ohun tó wà nínú fóònù. Èmi ni mo sọ pé Màmá yìí kò ka ìkìlọ̀. Irọ́ ni. Fóònù kò jẹ́ kí wọ́n rí i, èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí o sọ ọ́?"

"Rárá, Mà. Mi ò wádìí."

"O kò wádìí." Ìyá Sàníù pa hóró kan, ó ju èèpo rẹ̀ nù, ó pa òmíràn. "Ẹni tí ó gbẹ̀bí ọmọ mi méjì nígbà tí kò sí ọkọ̀ ní abúlé yìí. Èmi náà kò wádìí." Ó fẹ́ orí atẹ náà. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá yíjú sí Màmá Fọlájìmí.

"Ẹ má dúró síta mọ́. Ẹ wọlé, ẹ bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí."

Màmá Fọlájìmí bọ́ bàtà, ó wọlé. Tẹniọlá dìde láti tẹ̀ lé e.

"Ìwọ," Ìyá Sàníù sọ, "jókòó síbí ná."

Tẹniọlá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá atẹ. Láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Màmá Fọlájìmí tí ó ní kí ọmọbìnrin náà na apá, ó ń gbọ́ rọ́bà ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n ń fún, fùú, fùú, fùú. Ó gbọ́ tí ó dákẹ́, tí ọ̀rá sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyá náà ti ń tẹ iye tí ó rí.

"Alhaja!" Màmá Fọlájìmí ké láti inú ilé. "Pupa ti bo fóònù. Ẹ wá ọ̀kadà. Ẹ wá a báyìí."

Ìyá Sàníù ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Atẹ dojú dé, ẹ̀gúsí fọ́n sílẹ̀ yíká. Tẹniọlá sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tí ó rí.